Ẹni Tó Ń Dá Abẹ́rẹ́ Padà

Orin Ráìmí Alágídìgbo ṣẹ̀ṣẹ̀ parí, Bólúwají sì ti na ọwọ́ láti dá abẹ́rẹ́ padà sí ìbẹ̀rẹ̀ àwo, nígbà tí fóònù ilé iṣẹ́ rédíò dún. Òjò ń lu páànù Ìkìrun ní àlùbami láàárọ̀ Sátidé yẹn. Ó gbé ẹni tó ń pè sórí afẹ́fẹ́, ó kí i káàárọ̀, ó sì ní kó sọ orúkọ rẹ̀ àti ibi tó ti ń pè, gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀.

"Adédùntán ni mò ń jẹ́, láti Òkukù." Ohùn obìnrin náà kò jọ ti ẹni tó fẹ́ kí ẹbí tàbí tó fẹ́ tọrọ orin. "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ bá mi sọ fún Adúmáadán pé kó má fi orin yẹn sí i mọ́. Ìyá mi wà lábẹ́ òjò nítorí ẹ̀."

Ó gé fóònù.

Lẹ́nu iṣẹ́ rédíò, ìdákẹ́jẹ́ ni ẹ̀ṣẹ̀ tí kò ní ìdáríjì. Bólúwají, tí ọ̀rọ̀ kì í wọ́n lẹ́nu rẹ̀, tó lè fi ìtàn onígìtá kan ṣoṣo jẹ odindi wákàtí, jókòó síwájú máìkì, kò rí nǹkan kan sọ. Fìyìnfólúwa, obìnrin tó máa ń ka ìròyìn, fi ìka kan gíláàsì láti ìta. Nígbà tó rí i pé ọkùnrin náà kò gbọ́, ó sáré wọlé, ó fi ìpolówó ọṣẹ kan dí àlàfo náà. Ó bi í bóyá ara rẹ̀ kò yá ni. Bólúwají ní ara òun yá. Kí ni ì bá tún wí? Ta ni yóò bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé Adúmáadán fún?

Nínú gbogbo ayé, ẹnu kan ṣoṣo ló ń pè é bẹ́ẹ̀. Lórí afẹ́fẹ́, Bọ̀dá Àná ni wọ́n mọ̀ ọ́n sí, nítorí ètò rẹ̀, Orin Àná, tí tọmọdé tàgbà ń gbọ́ láti Ìkìrun dé Igbaye. Nílé, Bólúwají Ọ̀ṣuntóyè ni. Ṣùgbọ́n ìyàwó ilé kì í pe ọmọ tó bá nílé lórúkọ. Ìbáà ṣe ìkókó, bó bá ti wà nílẹ̀ kí wọ́n tó gbé ìyàwó wá, ọkọ ni, ó sì di dandan kí ìyàwó wá orúkọ mìíràn tí yóò máa fi pè é. Nígbà tí wọ́n gbé Àmọ̀kẹ́ wá fún àbúrò bàbá Bólúwají, ọmọ náà ti ń rá kálẹ̀. Àmọ̀kẹ́ wo ara rẹ̀ tí wọ́n fi àdín pa, tó dúdú tó ń dán, ó ní ọkọ òun, Adúmáadán. Ìyá Bólúwají ti kú nígbà tó bí i, bàbá rẹ̀ sì wà ní Kàdúná lẹ́nu iṣẹ́ rélùwéè, nítorí náà ọwọ́ Àmọ̀kẹ́ ló dàgbà sí. Òun náà kò pè é ní màmá rí. Ìyàwó ló ń pè é, bí gbogbo ọmọ ilé ṣe ń pè é.

Ìyàwó yìí ló kó orin ràn án. Àbúrò bàbá rẹ̀, tí wọ́n ń pè ní Bàbá Kékeré, ní giramafóònù kan tó fi ń yangàn ládùúgbò, àmọ́ nínú gbogbo àwo tó wà nílé, ti Ráìmí Alágídìgbo nìkan ni kò tíì họ. Lọ́pọ̀ ìrọ̀lẹ́, bí Bàbá Kékeré bá ti dé, Àmọ̀kẹ́ á gbé àpótí ìjókòó kékeré sí ẹ̀gbẹ́ giramafóònù ní pálọ̀, á yí ohùn rẹ̀ sókè títí ará òdìkejì títì á fi máa gbọ́. "Adúmáadán, jókòó tì í," ni yóò wí. "Bó bá parí, dá abẹ́rẹ́ padà sí ìbẹ̀rẹ̀. Má jẹ́ kó dákẹ́ o." Òun náà á wọ yàrá lọ bá ọkọ rẹ̀, á ti ilẹ̀kùn. Ọmọ náà kò fi iṣẹ́ yìí ṣeré rárá. Á jókòó bí ẹni tó ń ṣọ́ ìkòkò ọbẹ̀, Ráìmí á máa lu àgídìgbo rẹ̀, á máa kọrin:

Mo ṣílẹ̀kùn sílẹ̀, mo ní kátẹ́gùn ó wọlé,
Atẹ́gùn wọlé tán, ẹni mò ń retí ò wọlé.

Bó bá ti parí, á gbé abẹ́rẹ́, á dá a padà. Nígbà tí Àmọ̀kẹ́ bá jáde, á ti fa gèlè wálẹ̀ dé iwájú orí, ojú rẹ̀ á pọ́n. Á ní orin náà dùn débi pé ó pa òun lẹ́kún, á sì fi ọwọ́ pa á lórí. Bẹ́ẹ̀ ni Bólúwají ṣe mọ̀ láti kékeré pé orin wà tó lè mú àgbàlagbà sunkún, ó sì pinnu pé ohun tí òun yóò fi ayé òun ṣe nìyẹn.

Ó wọ ilé ẹ̀kọ́ girama ní Ìbàdàn, níbi tí wọ́n ti ń gbé inú ọgbà. Nígbà tó fi máa dé fún ìsinmi àkọ́kọ́, Àmọ̀kẹ́ ti kó lọ. Ó bi Bàbá Kékeré léèrè, ìyẹn ní kó lọ jẹun. Ó bi àwọn àgbà ilé, wọ́n ní obìnrin tó bá kọ ọkọ, a kì í wá a. Ohun tó mọ̀ nípa rẹ̀ kò ju pé apá Odò Ọ̀tìn ni wọ́n ti fẹ́ ẹ wá, bẹ́ẹ̀ Àmọ̀kẹ́ tó wà ní Odò Ọ̀tìn pọ̀ bí eèrà. Ó dùn ún. Ìsinmi kan ṣoṣo ni kò lè dúró de òun? Ó dàgbà, ó gbé Bọ́sẹ̀dé níyàwó, ó bímọ, ó sin Bàbá Kékeré, ó tiẹ̀ fi orin Ráìmí dágbére fún un lórí afẹ́fẹ́, síbẹ̀ ọ̀rọ̀ náà kò yé dùn ún.

Àwọn ilé iṣẹ́ rédíò ńláńlá ti pè é wá sí Ìbàdàn, kò lọ. Bọ́sẹ̀dé, tó ń ṣiṣẹ́ ìjọba níbẹ̀, bẹ̀ ẹ́ títí ó rẹ̀ ẹ́. Bólúwají á ní atẹ́gùn orí òkè Ìkìrun ló bá òun lára mu. Irọ́ ni. Òpó rédíò Ìkìrun kò gbé ohùn kọjá Ìnísà, Òkukù àti Igbaye, àwọn ìlú tí Àmọ̀kẹ́ ti lè wà gan-an nìyẹn. Kò ka orin ìwòyí sí, ó ní ariwo rẹ̀ pọ̀ ju ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ lọ. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń fi kọ̀ǹpútà lu orin, òun ṣì ń gbé ẹ̀rọ alábẹ́rẹ́ wá láti ilé, pẹ̀lú sákárà rẹ̀ àti jùjú ayé ọjọ́un. Fìyìnfólúwa a máa pè wọ́n ní àwo àwọn òkú, òun náà a sì dáhùn pé ẹgbẹ́ òun ni wọ́n. Ní òpin ètò ni yóò wá fi Ráìmí sí i lẹ́ẹ̀mejì, á ní, "Àmọ̀kẹ́, níbikíbi tí ẹ bá wà, mo kí yín o." Àwọn olùgbọ́ rò pé olólùfẹ́ àtijọ́ ni. Ó máa ń yà wọ́n lẹ́nu pé ọkùnrin ń fi "ẹ" bá olólùfẹ́ rẹ̀ sọ̀rọ̀. Àwọn Àmọ̀kẹ́ kan tiẹ̀ ti wá fi ara wọn hàn ní ilé iṣẹ́, ọ̀kan gbé ìrẹsì dání.

Ètò parí láàárọ̀ náà láìsí ìkíni kankan. Bólúwají pe nọ́ńbà Òkukù padà.

Ìbínú Adédùntán ti rọlẹ̀, ojú ló wá ń tì í. Ó ṣàlàyé pé kò sí Sátidé tí orin yẹn bẹ̀rẹ̀ tí ìyá òun kì í dìde jáde lọ sẹ́yìnkùlé, á dúró sábẹ́ igi máńgòrò títí yóò fi parí lẹ́ẹ̀mejèèjì. Tòní, òjò ń rọ̀, ó tún jáde. Nígbà tí òun kígbe pé kí ló dé, ohun tí ìyá náà sọ kò ju pé, "Adúmáadán ni. Kò mọ̀ ni." Òun fúnra òun lòun bá gbé fóònù. Kò sẹ́ni tó rán òun.

Bólúwají bèèrè orúkọ ìyá rẹ̀.

"Àmọ̀kẹ́ náà ni," ni Adédùntán wí. "Ṣebí àwọn lẹ máa ń kí ní gbogbo ọ̀sẹ̀."

Ojú lọ̀rọ̀ wà. Bólúwají fi àwo Ráìmí sínú ọ̀rá, ó gba gáréèjì lọ. Ọkọ̀ Òkukù ku èrò kan, òun ló sì wọ̀ ọ́. Kò tíì jókòó dáadáa tó gbọ́ pé ọ̀rọ̀ òun ni wọ́n ń sọ. Dẹ́rẹ́bà ní òun kò rí i kí Bọ̀dá Àná panu mọ́ rí, àfi láàárọ̀ yìí. Bàbá kan níwájú ní kí wọ́n má bá a wí, àgbà ti dé sí i, ó ti lé ní ọgọ́rin ọdún, òun mọ̀ ọ́n láti ìgbà tó ń lu àgídìgbo fún Ráìmí. Obìnrin tó jókòó ti Bólúwají ní irọ́ ni, afọ́jú ni Bọ̀dá Àná, ìdí nìyẹn tí etí rẹ̀ fi jí pérépéré sí orin. Bólúwají pa ẹnu mọ́ pinpin. Bó bá fi lè sọ̀rọ̀ pẹ́nrẹ́n, wọ́n á mọ ohùn. Nígbà tí wọ́n dúró ní Ìnísà, tí àwọn oníbúrẹ́dì sáré bo fèrèsé, ó na ìka sí búrẹ́dì torí wọn kì í ṣánwọ́ lọ kí àgbà. Obìnrin ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ wò ó tàánútàánú, ó rò pé odi ni, ó sì bá a ná an dáadáa.

Ẹ̀rù ń bà á. Ó ń wo oko ẹ̀gẹ́ àti ilẹ̀ tútù tó ń sá kọjá, ó ń bi ara rẹ̀ léèrè ohun tí òun kò mọ̀. Gbogbo ọdún wọ̀nyí tí òun fi ń ránṣẹ́ sí i, ó ń gbọ́. Kò pè. Ìrìn àárín Ìkìrun sí Òkukù kò sì tó ohun tí ènìyàn ń sùn lójú ọ̀nà. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ, ó sì dá a lójú pé òun kò ní fẹ́ràn rẹ̀.

Nígbà tí wọ́n dé Òkukù, kò sí ọgbọ́n tó lè dá mọ́. "Ó wà ńbí o," ni ó wí.

Gbogbo orí yí padà lẹ́ẹ̀kan náà. Bàbá tó mọ̀ ọ́n láti ìgbà Ráìmí bẹ̀rẹ̀ sí í wá nǹkan nínú àpò rẹ̀. Obìnrin tó bá a ná búrẹ́dì kò rẹ́rìn-ín. Ó sún ẹsẹ̀ kí ó lè kọjá. "Adúmáadán," ni ó rọra wí, "ẹ bá wa kí màmá náà o."

Ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì ni ilé náà wà. Adédùntán ló ṣílẹ̀kùn, obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó ju táwẹ́ẹ̀lì sí èjìká. Lẹ́yìn rẹ̀, lórí àga, ìyá arúgbó kan jókòó, irun rẹ̀ funfun, ó sì tutù. Ó ti kéré sí bí Bólúwají ṣe mọ̀ ọ́n. Bólúwají dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ. Ìyá náà dìde, ó fẹ́ kúnlẹ̀ bí ìyàwó ṣe ń kúnlẹ̀ kí ọmọ ọkọ, ni àwọn méjèèjì bá di ara wọn mú nílẹ̀, òun ń gbé e dìde, ìyẹn náà ń gbé e dìde.

"Ọkọ mi," ni Àmọ̀kẹ́ wí. "O ti hu irùngbọ̀n."

Ó kọ́kọ́ bèèrè àwọn ọmọ rẹ̀. Ó mọ iye wọn, rédíò ló ti gbọ́. Bólúwají sì bèèrè nípa bàbá Adédùntán, wọ́n ní tíṣà ni, ó ti di olóògbé, ènìyàn jẹ́jẹ́ ni. Lẹ́yìn èyí, Bólúwají yọ àwo náà jáde kúrò nínú ọ̀rá, ó gbé e lé e lọ́wọ́, ó sì bẹ̀ ẹ́ pé kó sọ ohun tí orin yìí ṣe fún un. Àmọ̀kẹ́ gbé àwòrán Ráìmí sún mọ́ ojú.

"Báyìí ló ṣe rí?" Ó wò ó pẹ́. "Ọkùnrin yìí ò ṣẹ̀ mí. Òun ló bò mí láṣìírí. Bó bá dákẹ́ ni gbogbo agbo ilé á gbọ́."

"Wọ́n á gbọ́ kí ni, Ìyàwó?"

Àmọ̀kẹ́ na apá òsì síwájú, ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀ kò sì nà tán. Bólúwají mọ apá yẹn. Wọ́n ní ó ṣubú létí kànga. Ó rántí bí òun ṣe bá a fún aṣọ títí ó fi san. Ó rántí Bàbá Kékeré, tó máa ń ra gúgúrú bọ̀ fún òun láti ọjà, tí kò jẹ́ na òun rí, tí òun sunkún lórí rẹ̀ lójú gbogbo ayé. Ó rántí ilẹ̀kùn yàrá tí wọ́n tì, àti ara òun lórí àpótí, tí òun ń gbé abẹ́rẹ́, tí òun ń dá a padà.

"Ẹ ò kígbe," ni ó wí.

"Bí mo bá kígbe, àwọn àgbà á pé. Wọ́n á ní ẹnu mi ló gùn, kí n máa lọ sílé bàbá mi. Ìwọ ńkọ́? Ta ni kí n fi ọ́ sílẹ̀ fún?" Ó gbé àwo náà kalẹ̀ sórí itan rẹ̀. "Ọjọ́ tó o wọ ọkọ̀ Ìbàdàn, mo dúró títí mi ò fi rí ọkọ̀ náà mọ́. Ọjọ́ kejì ni mo kó ẹrù mi. Mo rò pé ọmọ tí ò mọ̀, kò yẹ kí ẹnikẹ́ni jẹ́ kó mọ̀. Ìdí tí mi ò fi pè nìyẹn."

Bólúwají sunkún. Àgbà ọkùnrin tó ní ìyàwó àti ọmọ, ó sunkún bí ọmọ tí wọ́n gbàgbé sí ọjà, nítorí ọwọ́ òun tó kéré nígbà náà, nítorí gbogbo Sátidé tí òun ti lé obìnrin yìí jáde lọ sábẹ́ igi pẹ̀lú ìfẹ́. Ó ní kó forí ji òun.

"Iṣẹ́ tí mo rán ọ lo jẹ́," ni Àmọ̀kẹ́ wí. "O sì jẹ́ ẹ dáadáa. Òun ni mo fi mọ̀ ọ́. Àmọ̀kẹ́ pọ̀, ṣùgbọ́n ọjọ́ tí mo gbọ́ tí orin yẹn parí, tí ẹnì kan tún dá a padà, mo ní ọkọ mi ni."

Bí a bá ń sunkún, à á máa ríran. Bólúwají rí rédíò kékeré kan lórí tábìlì, tí wọ́n fi rọ́bà di bátìrì rẹ̀. Bọ́tìnnì ohùn rẹ̀ ti họ, ó sì mọ́ bíi ti rédíò tí ọwọ́ ń kàn lójoojúmọ́. Adédùntán rí ibi tí ojú rẹ̀ wà, ó sì rẹ́rìn-ín. Ó ní Màmá kì í jẹ́ kí àwọn gbádùn ètò náà rárá. Bí orin èyíkéyìí bá ti bẹ̀rẹ̀, wọ́n á yí i wálẹ̀. Bí Bọ̀dá Àná bá ti la ẹnu, wọ́n á yí i sókè títí ará ṣọ́ọ̀ṣì á fi ránṣẹ́ pé kí wọ́n rọra.

Bólúwají nu ojú. Ìbéèrè tó ti bi gbogbo ará Odò Ọ̀tìn lọ́kọ̀ọ̀kan lórí fóònù ló bọ́ lẹ́nu rẹ̀. "Orin wo gan-an wá lẹ fẹ́ràn, Ìyàwó?"

Àmọ̀kẹ́ ronú sí i, ó jọ bíi pé ọ̀rọ̀ náà ṣàjèjì sí i. Ó ní òun kò mọ ohun tí wọ́n ń pè é. Ó gbá Adédùntán lọ́wọ́ nígbà tí ìyẹn fẹ́ bá a dìde. Ó ní ọkọ òun kò tíì jẹun, kò sì sí ẹni tí yóò bá òun gúnyán rẹ̀. Ó wọ kíṣìnnì lọ, ó fi ilẹ̀kùn sílẹ̀ gbayawu.

Òjò ti dá. Bólúwají jókòó ní pálọ̀, rédíò dákẹ́ jẹ́ẹ́, àwo Ráìmí wà lórí tábìlì, kò sì sí ẹ̀rọ kankan nínú ilé náà tó lè lù ú. Ó gbọ́ bí Àmọ̀kẹ́ ṣe ń wọ́ ẹsẹ̀. Ó gbọ́ omi tó dà sínú ìkòkò, ó gbọ́ ọ̀bẹ lára iṣu. Ó gbọ́ tó mí kanlẹ̀. Bó ṣe mọ obìnrin yìí tó, kò gbọ́ ìró rẹ̀ láàárín ilé báyìí rí.

Lẹ́yìn náà, Àmọ̀kẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í kùn. Orin ni. Kò ga, kò ní ìlù, kò sì jọ ti ẹnikẹ́ni nínú gbogbo àwọn òkú inú àwo Bólúwají. Òun tó máa ń mọ orin láti inú ìró àkọ́kọ́ kò mọ èyí, kò sì béèrè. Ó sún àga rẹ̀ mọ́ ẹnu ọ̀nà. Nígbà tí orin náà dé ìparí, ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ gbéra fúnra rẹ̀ lórí itan. Ó dá a dúró. Nínú kíṣìnnì, láìsí ẹni tó dá nǹkan kan padà, Àmọ̀kẹ́ tún un bẹ̀rẹ̀.